Bí A Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Yan Sẹ́fà DNS Lórí Kọ̀ǹpútà Ubuntu

Ẹni tó bá ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì fún ìgbà díẹ̀ yóò ti bá irú ọ̀ràn yìí pàdé: Wi-Fi ti so mọ́ kọ̀ǹpútà, àmì rẹ̀ kún, dátà kò tíì tán, fídíò tó ti ń ṣeré láti ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn kò tilẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n bí a bá ní ká ṣí ojú ìwé mìíràn, búráúsà á ní òun kò rí ìkànnì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì kò kú. Sẹ́fà tó ń bá wa wá àdírẹ́ẹ̀sì ni kò dáhùn. Sẹ́fà yìí ni wọ́n ń pè ní sẹ́fà DNS, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kí ó gba orúkọ tí a tẹ̀, bíi yo.wikipedia.org, kí ó sì fún wa ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà máa fi dé ibẹ̀. Bí a kò bá yan ọ̀kan fúnra wa, ráútà ló máa ń bá wa yan án, èyí tó sì sábà máa ń yàn ni ti ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa.

Fífi ọwọ́ yan sẹ́fà mìíràn kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Nọ́ńbà rẹ̀ kò gùn, kò sì ṣòro há sórí, débi pé nígbà tí ìjọba orílẹ̀-èdè Túrkì dí Twitter pa ní oṣù kẹta ọdún 2014, ọ̀dà ni àwọn ènìyàn fi kọ 8.8.8.8, nọ́ńbà sẹ́fà DNS ti Google tó ṣì ń dáhùn orúkọ Twitter, sára ògiri ní Istanbul kí ẹni tó ń kọjá lè rí i kà. Ibi tí a kọ nọ́ńbà náà sí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Lórí Ubuntu, ó kéré tán ibi mẹ́rin ló wà tí a ti lè kọ ọ́, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ibi tí ohun tí a bá kọ kì í pẹ́ parẹ́. Ojú mi rí i kí n tó mọ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, màmá kan tó ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn pè mí pé kọ̀ǹpútà orí tábìlì àwọn kò ṣí ìkànnì mọ́. Mo débẹ̀, mo fi nano ṣí fáìlì /etc/resolv.conf, mo pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, mo kọ nameserver 8.8.8.8 sí i, gbogbo ìkànnì sì ṣí wàrà. Mo gba owó iṣẹ́ mi, mo bá tèmi lọ. Kò tó wákàtí méjì tí iná fi lọ, nígbà tí wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀ tí kọ̀ǹpútà tún dìde, ó ti padà sí bó ṣe wà. Màmá pè mí lórí fóònù, wọn ò sì sọ ju gbólóhùn kan lọ: “Bọ̀dá kọ̀ǹpútà, nǹkan tí ẹ tún ṣe yẹn ti tún bàjẹ́ o.”

Ohun tó fà á kò pamọ́. Bí ẹ bá ṣí Terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì tẹ àṣẹ yìí,

ls -l /etc/resolv.conf

ẹ ó rí i pé resolv.conf kì í ṣe fáìlì gidi. Ọfà lásán ni, tó ń tọ́ka sí /run/systemd/resolve/stub-resolv.conf, ohunkóhun tó bá sì wà nínú /run kò sí lórí dísíkì rárá. Inú mẹ́mọ́rì ló wà, bí iná bá lọ, òun náà á bá a lọ. Ètò kan tó ń jẹ́ systemd-resolved ló ń kọ fáìlì yìí, ó sì ti kọ ìkìlọ̀ sókè rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ tún un kọ. Mo pa ìkìlọ̀ yẹn rẹ́ mọ́ ìyókù láìkà á. Nísàlẹ̀ ìkìlọ̀ náà ni ẹ ó ti rí nameserver 127.0.0.53, tó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí, nítorí systemd-resolved ló jókòó síbẹ̀ tó ń gba ìbéèrè, kí ó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ sẹ́fà tó wà níta.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn nìyí: ráútà sọ nọ́ńbà sẹ́fà DNS fún NetworkManager, ètò tó ń bójú tó ìsopọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí Ubuntu, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá so mọ́ ọn, NetworkManager sọ fún systemd-resolved, systemd-resolved sì kọ resolv.conf. Ẹni tó bá lọ kọ nǹkan sí resolv.conf ti lọ dúró sí ìparí ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ NetworkManager ló yẹ ká kọ ọ́ sí, ohun tí a bá sì kọ síbẹ̀ kì í bá iná lọ. Ubuntu 22.04 àti 24.04 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ohun tó kù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá DNS ló ń dà yín láàmú lóòótọ́. Ẹ tẹ àṣẹ méjì yìí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì:

ping -c 4 1.1.1.1
ping -c 4 yo.wikipedia.org

Bí ti àkọ́kọ́, tó lo nọ́ńbà, bá dáhùn, tí èkejì, tó lo orúkọ, sì sọ pé “Temporary failure in name resolution”, DNS ni. Bí méjèèjì kò bá dáhùn, ẹ fi DNS sílẹ̀, kí ẹ wo ráútà, wáyà tàbí dátà yín, nítorí kò sí nọ́ńbà sẹ́fà tó lè so ọ̀nà tó já pọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já ní etíkun Ivory Coast tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká, kò sí bí ènìyàn ṣe lè yí DNS tó tí wáyà tó já á fi so pọ̀. Ẹ kíyèsí i pé àwọn ọ́fíìsì kan máa ń dí ping pa, nítorí náà bí ọ́fíìsì ni ẹ wà, àìdáhùn àṣẹ àkọ́kọ́ nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ẹ tún wo fáìlì /etc/hosts. Ìyẹn ni ohun tó ṣẹ́kù láti ayé àtijọ́: kí Paul Mockapetris tó gbé DNS kalẹ̀ ní ọdún 1983, fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ HOSTS.TXT ni wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ní Stanford Research Institute ní California, tí oníkálukú sì ń wá dà á kọ. Títí di òní, kọ̀ǹpútà máa ń wo /etc/hosts kí ó tó béèrè lọ́wọ́ DNS, nítorí náà bí ẹnìkan bá ti kọ orúkọ ìkànnì kan síbẹ̀ mọ́ nọ́ńbà tí kò tọ́, ẹ lè yí sẹ́fà DNS títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìkànnì yẹn kò ní ṣí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹni tó ń dá yín lóhùn lọ́wọ́lọ́wọ́:

resolvectl status

Apá tó sọ pé “Global” ló máa kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni “Link 2 (enp3s0)” tàbí “Link 3 (wlp2s0)” tàbí ohun tó jọ ọ́. Èyí tí orúkọ rẹ̀ fi en bẹ̀rẹ̀ ni ti wáyà, èyí tó fi wl bẹ̀rẹ̀ ni ti Wi-Fi. Lábẹ́ èyí tí ẹ ń lò, ẹ wá ìlà “Current DNS Server”. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1 lẹ ó rí níbẹ̀, ìyẹn ráútà. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé kan kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Èwo ni ká yàn?

Àwọn tí èmi máa ń lò kò ju mẹ́ta lọ, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ti Google, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2009, ni 8.8.8.8 àti 8.8.4.4. Ti Cloudflare, tó jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2018, ni 1.1.1.1 àti 1.0.0.1. Ti Quad9 ni 9.9.9.9 àti 149.112.112.112, àjọ tí kì í ṣe ti èrè ló ni ín, Zurich ní ilẹ̀ Switzerland ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, ohun tó sì mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kì í fún ènìyàn ní àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì tí wọ́n ti mọ̀ sí ti gbájúẹ̀ tàbí ti fáírọ́ọ̀sì. Nínú ilé tí àwọn ọmọdé ti ń lo kọ̀ǹpútà, Cloudflare ní 1.1.1.3 àti 1.0.0.3, tó ń dí ìkànnì ìwòkuwò pa pẹ̀lú.

Nọ́ńbà méjìméjì ni wọ́n ń fúnni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé èkejì kàn jókòó lásán tí yóò máa dúró de ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá ṣàìsàn. Bí systemd-resolved bá bi àkọ́kọ́ tí kò tètè dáhùn, á sún lọ sọ́dọ̀ èkejì, ó sì lè dúró síbẹ̀ pẹ́ títí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká da 1.1.1.3 pọ̀ mọ́ 8.8.8.8: ọjọ́ tó bá sún lọ sọ́dọ̀ 8.8.8.8, gbogbo ohun tí ẹ ní kí àwọn ọmọ má rí á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀dọ̀ ẹnìkan náà ni kí ẹ ti mú nọ́ńbà méjèèjì.

Ó yẹ kí n sọ èyí náà nítorí ohun tí àwọn tó ń ta “DNS tó ń yára” máa ń sọ: yíyí DNS padà kò lè mú kí fáìlì ńlá tètè wọlé ju bí dátà yín ṣe lágbára tó. Ìgbà tí ojú ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí nìkan ni ẹ ti lè rí ìyàtọ̀. Kì í sì í ṣe VPN, ètò tó ń fi ibi tí ènìyàn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín ṣì ń rí ibi tí ẹ ń lọ.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ lójú Settings

Ẹ tẹ igun apá ọ̀tún lókè, kí ẹ ṣí “Settings”, kí ẹ sì wọ “Wi-Fi”, tàbí “Network” bó bá jẹ́ wáyà lẹ fi so. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Wi-Fi tí ẹ ń lò lọ́wọ́ ni àwòrán kékeré kan wà tó dà bí eyín jíà. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Fèrèsé kan á ṣí tó ní táàbù mélòó kan lórí. Ẹ yan “IPv4”. Ẹ má fọwọ́ kan “Automatic (DHCP)” tó wà lókè pátápátá, nítorí àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà yín ni ìyẹn ń darí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà tí wọ́n á sì pàdánù nẹ́tíwọ́ọ̀kì pátá. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni “DNS” wà pẹ̀lú “Automatic” tirẹ̀ àti bọ́tìnì tó ṣeé tì síwá sẹ́yìn. Ẹ pa bọ́tìnì yẹn, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí kọ́mà sì wà láàárín wọn:

9.9.9.9, 149.112.112.112

Kí ẹ tó tẹ “Apply”, ẹ lọ sí táàbù “IPv6”, irú àdírẹ́ẹ̀sì tuntun tó gùn ju ti IPv4 lọ, kí ẹ ṣe bákan náà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn sábà máa ń fo èyí. Bí ráútà yín bá ń lo IPv6, tí ẹ sì fi “Automatic” ti apá ibẹ̀ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á ṣì máa gba sẹ́fà ráútà láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ ó sì máa rò pé Quad9 ló ń dá yín lóhùn. Nọ́ńbà IPv6 ti Quad9 ni 2620:fe::fe àti 2620:fe::9; ti Cloudflare ni 2606:4700:4700::1111 àti 2606:4700:4700::1001; ti Google sì ni 2001:4860:4860::8888 àti 2001:4860:4860::8844. Bí ẹ kò bá fẹ́ kọ nọ́ńbà kankan síbẹ̀, ẹ kàn pa “Automatic” ti DNS ibẹ̀, ó tó.

Títẹ “Apply” kò parí iṣẹ́. Ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ tún un tàn, nítorí ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tún so mọ́ ráútà ni ètò tuntun yìí tó máa wọlé.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Terminal

Bí kọ̀ǹpútà bá ju ẹyọ kan lọ, tàbí tí ẹ bá ń ti ọ̀nà jíjìn tún ti ẹlòmíràn ṣe, Terminal yá ju Settings lọ. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè orúkọ tí NetworkManager fi pe ìsopọ̀ yín:

nmcli connection show

Ká ní WiFi-Ile ni orúkọ tó jáde. Àwọn àṣẹ tó kàn nìyí:

nmcli connection modify "WiFi-Ile" ipv4.dns "9.9.9.9 149.112.112.112"
nmcli connection modify "WiFi-Ile" ipv4.ignore-auto-dns yes
nmcli connection modify "WiFi-Ile" ipv6.dns "2620:fe::fe 2620:fe::9"
nmcli connection modify "WiFi-Ile" ipv6.ignore-auto-dns yes
nmcli connection up "WiFi-Ile"

Bí ó bá ní ẹ kò láṣẹ láti ṣe é, ẹ fi sudo síwájú. Ìlà tó ní ignore-auto-dns ni iyọ̀ ọbẹ̀ yìí. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà láìkọ ìlà yẹn kò tíì lé sẹ́fà ráútà lọ; ó kàn fi àlejò tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, àwọn méjèèjì á sì máa pín iṣẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò

Ẹ tún tẹ resolvectl status. Nọ́ńbà tuntun ló yẹ kí ẹ bá lábẹ́ ìsopọ̀ yín, kí ti ráútà má sì sí níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohun tí kọ̀ǹpútà ti há sórí tẹ́lẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì bi í ní orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì:

resolvectl flush-caches
resolvectl query yo.wikipedia.org
resolvectl query yo.wikipedia.org

Nísàlẹ̀ ìdáhùn àkọ́kọ́, ẹ ó rí “Data from: network”, pẹ̀lú iye àkókò tó gbà. Nísàlẹ̀ èkejì, “cache” ló máa sọ, àkókò rẹ̀ á sì ti kéré púpọ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kò tún jáde lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Láti ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù màmá ìjọsí ni mo ti fi ìdánwò kan kún un: mo máa ń pa ráútà àti kọ̀ǹpútà pátápátá, kí n tún wọn tàn, kí n tún wo resolvectl status, kí n tó gba owó iṣẹ́.

Bí status bá fi nọ́ńbà tuntun hàn, tí búráúsà sì ń hùwà bíi pé kò sí ohun tó yí padà, inú búráúsà ni kí ẹ wò. Firefox àti Chrome ní DNS tiwọn tí wọ́n lè máa lò láìbi Ubuntu. Lórí Firefox, ẹ wá “DNS over HTTPS” ní abẹ́ “Privacy & Security”; lórí Chrome, “Use secure DNS” lẹ ó wá. Ẹ lè pa á kí búráúsà máa tẹ̀lé kọ̀ǹpútà, ẹ sì lè fi sílẹ̀ bó bá wù yín, ohun tí kò dára ni kí ẹ má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè DNS lásán máa ń gba ojú ọ̀nà 53 (tí wọ́n ń pè ní port 53) láìní ìbòjú, ẹnikẹ́ni tó bá wà lójú ọ̀nà lè kà á, ó tilẹ̀ lè dá èsì tirẹ̀ padà fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gbọ́kàn lé 8.8.8.8 ní Túrkì nìyẹn kí oṣù náà tó parí. Bí ẹ bá fẹ́ kí NetworkManager bo ojú ìbéèrè yín lórí ìsopọ̀ kan, àṣẹ rẹ̀ nìyí:

nmcli connection modify "WiFi-Ile" connection.dns-over-tls opportunistic

Kí ẹ sì tún ìsopọ̀ náà gbé dìde pẹ̀lú nmcli connection up. Pẹ̀lú ètò yìí, kọ̀ǹpútà á bo ojú ìbéèrè níbi tí sẹ́fà bá ti gbà á, á sì lo ti àtijọ́ níbi tí kò bá ti gbà á. Bí ẹ bá kọ yes dípò opportunistic, kò ní gba ti àtijọ́ rárá, ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá sì dí ojú ọ̀nà 853, tí ìbéèrè tó ní ìbòjú yìí máa ń gbà, pa, kò sí ìkànnì tó máa ṣí. Nínú ilé, opportunistic ni mo máa ń fi sílẹ̀.

Gbogbo ohun tí a ṣe yìí, orí ìsopọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ sí ọ́fíìsì, tàbí tí ẹ so ó mọ́ fóònù yín, ètò àtilẹ̀wá ni ẹ ó bá níbẹ̀. Kò burú bẹ́ẹ̀. Sẹ́fà ọ́fíìsì mọ orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti àwọn ìkànnì abẹ́lé tí Quad9 kò lè mọ̀ láéláé, Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì sì nílò sẹ́fà tirẹ̀ kí ó tó lè gbé ojú ìwé tí a ti ń tẹ nọ́ńbà yàrá wá fún wa.

Lórí Windows 11, “Settings”, “Network & internet”, “Wi-Fi” (kí ẹ sì wọ “Hardware properties”) tàbí “Ethernet”, lẹ́yìn náà “DNS server assignment”, “Edit”, “Manual” ni ọ̀nà rẹ̀, ipconfig /flushdns ló sì ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Lórí Mac tuntun, “System Settings”, “Network”, “Wi-Fi”, “Details”, “DNS” ni. Ìkìlọ̀ IPv6 tí mo ṣe lókè kan àwọn náà.

Bí ẹ bá fẹ́ dá ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà, ẹ tan “Automatic” ti DNS padà ní táàbù méjèèjì, tàbí kí ẹ tẹ àwọn wọ̀nyí:

nmcli connection modify "WiFi-Ile" ipv4.dns "" ipv4.ignore-auto-dns no
nmcli connection modify "WiFi-Ile" ipv6.dns "" ipv6.ignore-auto-dns no
nmcli connection up "WiFi-Ile"

Ẹ wo resolvectl status lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́ńbà tí ẹ kọ sínú ìwé níbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí ẹ tún bá níbẹ̀.